Kí O Tó Fi Ilé Sílẹ̀

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ pé o fẹ́ wá ka Másítà, pé owó tí o bá rí níbí ni o máa fi gbé ilé ró. N kò ní kí o má wá. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ rò ni pé àwọn tí ènìyàn torí wọn rìnrìn àjò ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wà nínú ètò ìrìn àjò náà. Bí a bá fi wọ́n sí ìgbẹ̀yìn, ọwọ́ lè tẹ ohun tí à ń lépa kí ìdí tí a fi ń lépa rẹ̀ sì ti bọ́.

Ìlú yìí gba ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ráyè bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bọ́ọ̀sì tó ń gba Old Kent Road kọjá ti kún fún àwọn tó ń lọ tún ọ́fíìsì ṣe àti àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀. Ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, wákàtí méjìlá ni iṣẹ́ ọjọ́ kan sábà máa ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé ọ̀nà jíjìn ló ń mú ọ̀rọ̀ ẹbí tútù. Àmọ́ wo aago: wákàtí kan péré ni Nàìjíríà fi ṣáájú wa nígbà òtútù, láti ìparí oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹwàá sì rèé, ọgbọọgba ni wá. WhatsApp náà wà. Iṣẹ́ àfikún ló ń gba àkókò tí à bá fi pe ilé, a ó sì tún máa sọ pé nítorí ilé ni a ṣe gbà á.

Bí o bá sì rò pé ìdílé rẹ lè tẹ̀lé ọ wá, òfin ìwọlé síbí ti yí padà. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, ẹni tó bá wá ka Másítà tí kì í ṣe ti ìwádìí kò lè mú aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, ó kan àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́, iṣẹ́ ogún wákàtí lọ́sẹ̀ ni wọ́n gbà fún akẹ́kọ̀ọ́. Kódà ẹni tó ti gba ìwé ìgbélùú títí láé, tó sì fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú aya rẹ̀ wá, owó tó ń wọlé fún un gbọ́dọ̀ tó £29,000 lọ́dún. £18,600 ni kí ó tó di oṣù Kẹrin 2024. Nítorí náà, “tó bá yá, ẹ máa wá bá mi” kì í ṣe ètò.

O lè sọ pé bí kò bá sí owó ilé ìwé, kí ni wíwà papọ̀ fẹ́ dà? Òótọ́ ni, ebi kì í jẹ́ kí ilé tòrò. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò dá iye tí ó ń wá kò ní mọ ìgbà tí ó bá rí i. Owó ilé ìwé ni a bá lọ, ó di owó ilẹ̀, ó di owó ilé, ó di ti ọkọ̀. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Èyí tó burú ni pé ẹnikẹ́ni kò jókòó bi ara rẹ̀ bóyá èyí tó kẹ́yìn yẹ ní ohun tí à ń fi ọ̀pọ̀ ọdún àìfojúkan ọmọ rà. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹni tí kò dá ọjọ́ àbọ̀, oko ló ń gbé.

O tún lè sọ pé ìyàwó rẹ àti Màmá wà pẹ̀lú àwọn ọmọ, pé ọmọ kì í ṣe ti ẹnì kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni, alágbàtọ́ kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ wa. Irú èrò yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ará Nàìjíríà bá wá síbí láàrin ọdún 1950 sí ọdún 1970 ó lé. Wọ́n ń kàwé, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń san owó fún ìdílé aláwọ̀ funfun láti bá wọn tọ́mọ. Wọn kò kórìíra ọmọ wọn. Àmọ́ alágbàtọ́ ilé mọ ìran ọmọ, ó mọ oríkì rẹ̀, gbogbo agbo ilé ló sì ń bi í léèrè. Ẹni tí a háyà kò ní èyíkéyìí nínú wọn. Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí àwọn òbí rẹ̀ tó jẹ́ Yorùbá fi sọ́dọ̀ ìdílé kan ní Tilbury, fi fíìmù *Farming* (2018) sọ ibi tí ìgbàtọ́ náà gbé òun dé: ọmọ dúdú tó kórìíra àwọ̀ ara rẹ̀, tó ń tẹ̀lé àwọn jàǹdùkú aláwọ̀ funfun. Màmá sàn ju àjèjì lọ lọ́nà gbogbo. Síbẹ̀, ṣé o ti bi í bóyá agbára rẹ̀ gbé e, àbí o kàn kà á mọ́ ètò rẹ?

Kí o tó san kọ́bọ̀ fún ilé ìwé, kí ìwọ àti ìyàwó rẹ jókòó, kí ẹ kọ iye owó tí ẹ ń wá sílẹ̀, ìgbà tí o máa wálé, ojúṣe ẹni kọ̀ọ̀kan lórí àwọn ọmọ, àti ọjọ́ tí ẹ máa tún ètò náà gbé yẹ̀ wò. Ohun tí ìyàwó rẹ kò bá fọwọ́ sí nínú rẹ̀, ẹ tún un ṣe. Bí Másítà bá bá ìwé yẹn mu, máa bọ̀, yàrá wà nílẹ̀ dè ọ́. Bí kò bá bá a mu, Másítà ni kí ẹ yí, ẹ má yí ìdílé.

Bá mi kí Màmá dáadáa.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.