Fiẹtinámù: Ilẹ̀ Tí Kajú Wa Dé Ṣáájú Wa

Kí ọ̀dọ́ kan ní Ṣábẹ̀ tó ronú àtilọ sí Fiẹtinámù, kajú oko bàbá rẹ̀ ti lè dé ibẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn oníṣòwò fi ń kó kajú tí a kò tíì fọ́ láti Bẹ̀nẹ̀ lọ sí Íńdíà àti Fiẹtinámù, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ, tí wọ́n ń bó o, tí wọ́n sì ń tà á fún gbogbo ayé. Ní ọdún 2024 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fòfin de kíkó irú kajú bẹ́ẹ̀ jáde, kí iṣẹ́ náà lè máa wáyé nílé, ní àwọn ilé iṣẹ́ Glo-Djigbé. Síbẹ̀, ọ̀nà tí kajú là kò tíì dí. Àwọn oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́ àti arìnrìn-àjò wa ń béèrè bí a ti ń débẹ̀. Fún wọn ni a ṣe kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Ilẹ̀ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni Fiẹtinámù, ó na ara rẹ̀ sí etí òkun. Hanoi, olú ìlú rẹ̀, wà ní àríwá. Ho Chi Minh City, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní Saigon, wà ní gúúsù. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ó so wọ́n pọ̀ lé ní 1,700 kìlómítà. Láàárín méjèèjì ni Huế wà, ìlú àwọn ọba àtijọ́, àti Hội An, èbúté àtijọ́ tí àwọn ilé rẹ̀ kò tíì wó. UNESCO ti ka àwọn méjèèjì mọ́ ogún àgbáyé, gẹ́gẹ́ bí ó ti ka ààfin àwọn ọba Àgbómẹ̀. Ẹni tí yóò bá lọ sí Hanoi ní oṣù Kìn-ín-ní, kí ó mú aṣọ òtútù dání, nítorí òtútù ibẹ̀ ju ti ọyẹ́ wa lọ. Ní ààrin gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà, ìjì àti omíyalé a máa jà láti oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kọkànlá.

Èdè wọn yóò ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Èdè olóhùn ni, bí tiwa. Ohùn mẹ́ta ni àwa ní. Mẹ́fà ni àwọn ará Hanoi ní. «Ma» ni iwin, «má» ni ìyá, «mà» ni ṣùgbọ́n, «mả» ni ibojì, «mã» ni ẹṣin, «mạ» sì ni ọ̀gbìn ìrẹsì. Álífábẹ́ẹ̀tì Látìn ni wọ́n fi ń kọ ọ́, àmì ohùn sì wà nínú ìwé ìròyìn wọn àti lára pátákó ilé ìtajà. Àwa tí a máa ń fi àmì sílẹ̀ nítorí ìkánjú yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ẹ óò rí pẹpẹ àwọn baba ńlá, pẹ̀lú èso, tùràrí àti àwòrán àwọn tí ó ti lọ. Ẹni tí ó mọ ohun tí egúngún jẹ́ ní Kétu kò nílò àlàyé púpọ̀. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ohun orí pẹpẹ. Ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó wọlé. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gba ohun tí àgbà bá nà sí yín. Bí ọdún Tết bá dé, ní òpin oṣù Kìn-ín-ní tàbí nínú oṣù Kejì, tonílé tàlejò a padà sọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà a tì, ọkọ̀ a sì wọ́n.

Faransé tí ó jọba lé wa lórí jọba lé àwọn náà lórí. Nínú ogun Indochine, tí ó parí ní ọdún 1954 lẹ́yìn ìṣubú Điện Biên Phủ, àwọn ọmọ Dahomey àti ti Tógò wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Faransé. Christophe Soglo, tí ó di olórí Dahomey lẹ́yìn náà, àti Gnassingbé Eyadéma, tí ó di ààrẹ Tógò, sìn níbẹ̀. Ní ọdún 1995, Kútọnu gba àpérò àwọn orílẹ̀-èdè elédè Faransé lálejò. Hanoi ni ó gba èyí tí ó tẹ̀ lé e, ní 1997. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbójú lé èdè Faransé láti fi ra oúnjẹ lọ́jà o. Àwọn tí ó gbọ́ ọ kò pọ̀ mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wọn ń kọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá sórí ọ̀rọ̀ ìwé. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni Fiẹtinámù ti ṣí físà orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọmọ orílẹ̀-èdè gbogbo. Físà náà lè tó 90 ọjọ́. Dọ́là 25 ni owó ìwọ̀lú ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, dọ́là 50 sì ni ti ẹni tí yóò máa wọlé máa jáde. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, owó náà kì í padà. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ìwé ìrìnnà tí ó ṣì ní oṣù mẹ́fà nílẹ̀ ó kéré tán, àwòrán ojú-ewé rẹ̀ tí orúkọ wà, àwòrán ojú yín láìwọ awò, àdírẹ́sì ibi tí ẹ óò dé sí, ọjọ́ ìwọlé àti ẹnubodè tí ẹ óò gbà. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ń dá, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ìrìn àjò.

Ibi mẹ́ta ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Èkíní ni ojúlé tí kì í ṣe ti ìjọba: àdírẹ́sì ti ìjọba Fiẹtinámù ń parí sí «.gov.vn», àwọn ìyókù sì lè gba owó gọbọi. Èkejì ni orúkọ: ẹ kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́tà sí lẹ́tà bí ó ti wà nínú ìwé ìrìnnà, nítorí orúkọ wa gùn, àṣìkọ kan sì tó láti dá ènìyàn dúró. Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀lú ẹ̀ẹ̀kan: ẹni tí ó bá yà lọ wo Angkor ní Kàmbódíà ti lo físà rẹ̀ tán, kò lè fi í padà wọlé. Ẹ tẹ físà náà sórí ìwé, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú bóyá ìlú tí ẹ óò ti pààrọ̀ ọkọ̀ ń béèrè físà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá kọjá ọjọ́ tí a fún un yóò san owó ìtanràn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa: físà ìgbafẹ́ kì í ṣe ìwé iṣẹ́. Ní Fiẹtinámù, agbanisíṣẹ́ ni ó ń tọrọ àṣẹ iṣẹ́ fún àlejò. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ fi físà ìgbafẹ́ lọ, pé a óò tún ìwé ṣe bí ẹ bá débẹ̀, ẹ sá fún un. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nítòsí ibẹ̀, àwọn ọ̀daràn ti kọ́ ọgbà tí wọ́n ń ti àwọn ènìyàn mọ́, tí wọ́n ń fipá mú wọn lu àwọn ẹlòmíràn ní jìbìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ilé iṣẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè sọ pé ó kéré tán 120,000 ènìyàn ni ó lè wà nínú irú ìgbèkùn bẹ́ẹ̀ ní Mianmá, àti nǹkan bí 100,000 ní Kàmbódíà. Àwọn ọmọ Áfíríkà wà lára wọn. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà olówó ńlá ní Táílàńdì ni a fi tan ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Nítorí náà, ẹ béèrè. Ta ni ó ń san owó ọkọ̀, kí ni yóò sì gbà padà? Ibo ni ìwé àdéhùn wà? Kí ló dé tí ibi tí a ń lọ fi yí padà lójú ọ̀nà? Òtítẹ́ẹ̀lì a máa gba ìwé ìrìnnà láti fi kọ orúkọ àlejò ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá, a sì dá a padà. Agbanisíṣẹ́ tí ó bá gbà á tí kò dá a padà, ẹ̀wọ̀n ni ó ń kọ́. Kí ẹ tó lọ, ẹ fi ẹ̀dà gbogbo ìwé sílẹ̀ nílé, kí ẹ sì bá ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n yín dá ọ̀rọ̀ kan tí yóò túmọ̀ sí «ẹ gbà mí» bí ẹ bá sọ ọ́ lórí fóònù.

Lójú pópó, alùpùpù ni ó pọ̀ jù. Ẹni tí zémidjan Kútọnu ti mọ́ lára kò ní bẹ̀rù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń sọdá, ẹ rọra máa rìn láìsáré, láìpadà sẹ́yìn, kí àwọn tí ń bọ̀ lè yà fún yín. «Xe ôm» ni wọ́n ń pe alùpùpù akérò, èyíinì ni ọkọ̀ tí a ń dì mọ́. Ẹ dá iye owó kí ẹ tó gùn ún, kí ẹ sì dé akoto, nítorí òfin ni. Láti ọdún 2020, ẹni tí ó mu ọtí, bí ó ti wù kí ó kéré, kò gbọdọ̀ wakọ̀. Ní Ho Chi Minh City, àwọn olè orí alùpùpù a máa já fóònù àti àpò gbà. Ẹ ṣọ́ owó pẹ̀lú: aláwọ̀ búlúù ni 20,000 dong àti 500,000 dong, ẹni tí ń kánjú a máa fi ọ̀kan san èkejì. Ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù tí ẹ kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Òwò oògùn olóró lè já sí ìdájọ́ ikú níbẹ̀.

Ẹ mú ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání, ẹ óò nílò rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń padà wọ Bẹ̀nẹ̀. Ẹ̀fọn tí ń fa ibà dẹ́ńgè a máa jẹni lọ́sàn-án gangan. Nọ́ńbà ọlọ́pàá ni 113, ti panápaná 114, ti ọkọ̀ aláìsàn 115. Ẹ béèrè ní ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè, ní Kútọnu tàbí Lomé, ilé iṣẹ́ aṣojú wo ni yóò dá yín lóhùn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Abèèrè kì í ṣìnà. Bí ìwé bá sì pé, tí ojú là, ẹ lọ wo ilẹ̀ náà, ẹ jẹ phở wọn, ẹ bá àwọn oníkajú wọn dọ́rẹ̀ẹ́. Kí ẹ má sì gbàgbé pé àjò kì í dùn kí onílé má relé.