Kò Sí Kìnnìún Nínú Igbó Ìjẹ̀bú, Ṣùgbọ́n Ohun Tí Ń Pa Á Wà Níbẹ̀

Ìjẹ̀bú-Igbó ni a ti gbéra ní òwúrọ̀ Sátidé, a yà kó àwọn tó kù ní Àgọ́-Ìwòyè, a sì kọrí sí ọ̀nà Ògùn Waterside. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wa ló pọ̀ jù nínú ọkọ̀. Ìtàn Dáníẹ́lì ni wọ́n kọ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, nítorí náà, bí igbó ti ń dí sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọ̀kan bèèrè pé, "Ṣé kìnnìún wà níbí?" Òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Kí ló tiẹ̀ lè pa kìnnìún?"

A rẹ́rìn-ín, a ní kò sí o, àfi Sámúsónì àti Dáfídì. Ìdáhùn wa kò tọ̀nà, ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe níhìn-ín.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni kìnnìún fẹ́, kì í ṣe igbó kìjikìji bíi tiwa. Ní Nàìjíríà, Kainji àti Yankari nìkan ni àwọn olùwádìí ti rí i nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2014. Nǹkan bí 400 ni wọ́n ṣírò pé ó kù ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ẹ wo òòrẹ̀, tí àwọn àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó mọ̀ dáadáa nítorí ẹ̀gẹ́ wọn tó ń jẹ. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ó ń ta ọfà. Kì í ta á. Ṣe ló ń fi ẹ̀yìn rọ́ lu ọ̀tá. Bí ẹ̀gún rẹ̀ bá wọ kìnnìún lẹ́nu tàbí lẹ́sẹ̀, kò ní lè ṣọdẹ mọ́, ebi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ní 1965, ní Kenya, wọ́n pa kìnnìún kan tó ń pa ènìyàn jẹ. Ẹ̀gún òòrẹ̀ ni wọ́n bá nínú imú rẹ̀.

Ẹfọ̀n ń fi ìwo gún un, ìkookò sì ń pa ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ kìnnìún àjèjì burú ju ìkookò lọ: bí ó bá lé baba àwọn ọmọ kúrò, á pa àwọn ọmọ náà kí ìyá wọn lè tètè lóyún fún òun. Àwọn ìyá inú ọkọ̀ mí kanlẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ èyí.

Nígbà tí a dúró ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní abúlé kan, ajá mẹ́ta sùn sábẹ́ tábìlì ìyá tó ń tà á. Ta ni yóò rò pé irú wọn lè pa kìnnìún? Ní 1994, àrùn kan tí àwọn ajá abúlé ń kó wọ ọ̀dàn Serengeti ní Tanzania. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta kan àwọn kìnnìún ibẹ̀ ló kú, ó súnmọ́ 1,000. Gìrì mú wọn, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ṣubú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ajá àgbègbè náà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó ìjọba Omo, tí UNESCO ti kà mọ́ àwọn igbó pàtàkì àgbáyé láti 1977, ọdẹ kan gbé etu dání fún títà. Okùn wáyà ló fi mú un. Irú okùn yìí kan náà ni wọ́n ń dẹ fún ẹtu àti àgbọ̀nrín ní ilẹ̀ ọ̀dàn, kìnnìún á sì ti ọrùn tàbí ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹni tó dẹ ẹ́ kò tiẹ̀ ronú kàn án. Àwọn darandaran mìíràn a sì máa fi májèlé sínú òkú màlúù tí kìnnìún pa. Ní Omo, erin ló ṣì kù tí irú okùn bẹ́ẹ̀ lè ṣe léṣe. A bi ọdẹ náà bóyá ó ti mú ọmọ erin rí. Kò dáhùn; iye owó etu rẹ̀ ló sọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni a dé etí ọ̀sà ní Iwopin. Ọmọ tó bèèrè ọ̀rọ̀ lówùúrọ̀ lọ bá bàbá apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí kìnnìún bá wá mu omi níbí ńkọ́?"

Bàbá náà kò gbójú sókè. "Ọmọ mi, ọ̀nì á kí i káàbọ̀."