Ilé Gogoro Méjì Lẹ́yìn Páànù Wa

Bí ẹ bá wọ yàrá àlejò ní Ìlọrin, kì í pẹ́ tí ẹ ó fi rí àwòrán ìlú lára ògiri. Mọ́ṣáláṣí ńlá tí a ṣí ní 1981 ni yóò wà láàárín, pẹ̀lú òrùlé rìbìtì àti àwọn ilé gogoro rẹ̀. Òkè Sóbì, tí ó ga ju gbogbo ilẹ̀ àyíká wa lọ, á wá dà bí òkìtì ọ̀gán lẹ́yìn rẹ̀. Èmi kò bá ayàwòrán jà nítorí èyí. Ìlú kéwú ni ìlú wa. Ohun tí ìlú fi ń yangàn ni ó ń gbé ga.

Àwọn obìnrin aládìrẹ náà mọ iṣẹ́ yìí. Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, tí ìjọba òyìnbó ṣí ní 1929, ni wọ́n mú òpó rẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀kọ yà á sára aṣọ pẹ̀lú ṣíbí, tí wọ́n sì pe aṣọ náà ní Ìbàdàndùn. Ilé àṣẹ òyìnbó di àmì ìgbádùn. Ẹ wo ọgbọ́n obìnrin!

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi. Ẹbí wa ti fohùn ṣọ̀kan pé kí a wó iwájú agbo ilé wa, kí a fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ilé alámọ̀ ni, páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni àwa ọmọdé ti ń jókòó níwájú Áfáà pẹ̀lú wàláà wa. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń parí ìjà, ibẹ̀ náà ni a sì ń tẹ́ òkú sí kí a tó kírun sí i lára. Mo bẹ ayàwòrán kan kí ó yà á kí katakata tó dé.

Nígbà tí ó gbé e dé, ilé gogoro mọ́ṣáláṣí méjì ti yọ lẹ́yìn páànù wa! Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn kò lè rí wọn láti ẹnu ọ̀nà wa. Ilé alájà aládùúgbò ti dí wọn. Mo bi í léèrè.

“Ẹ má bínú, Alájì. Bí n kò bá fi wọ́n sí i, ta ni yóò mọ̀ pé Ìlọrin ni? Irú ilé yìí wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó wà ní Ìsẹ́yìn.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí òótọ́ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, n kò ní kí ó ya ilé wa tòun ti ẹlẹ́rìí. Mo ní kí ó pa wọ́n rẹ́. Àbúrò bàbá mi, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

“Ojú ni ìwọ fi ń wò ó. Èmi, ohùn ládánì ni mo fi ń jí nínú ilé yìí. Ibi tí ohùn náà ti ń wá ni ọmọ náà yà.”

Àwòrán náà ti wà lára ògiri mi báyìí, àti ilé gogoro méjèèjì. Mo ti ní kí ayàwòrán padà wá lọ́jọ́ Àlàmísì, kí ó ya ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan láti inú. Ọjọ́ Àtìní tí ó tẹ̀lé e ni katakata ń bọ̀.