Fífá Kì í Ṣe Fífà

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ̀ mí sí ẹni tí í máa pariwo àmì ohùn ní gbogbo ìgbà. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ "abẹ" tí ó sì kọ "abẹ́", n óò fi bírò pupa yí i po, n óò sì béèrè bóyá abẹ́ tábìlì ni ó fẹ́ fi fá irùngbọ̀n. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ abẹ gan-an ni mo mú wá lónìí, èyí tó ń gé ènìyàn.

Bàbá mi ń gbé ní ìlú Oǹdó, níbi tí a bí wọn sí. Láti kékeré ni mo ti ń wò wọ́n láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí wọn yóò jókòó sí ẹ̀yìnkùnlé pẹ̀lú dígí kékeré, omi gbígbóná àti abẹ wọn. Kì í ṣe réésà pẹlẹbẹ tí à ń rà ní ìsọ̀ o. Abẹ gidi ni, èyí tí a máa ń ká irin rẹ̀ wọ inú èèkù, tí wọ́n kọ Solingen sí lára. Solingen ni ìlú àwọn oníṣẹ́ ọ̀bẹ ní orílẹ̀-èdè Jámánì. Láti ọdún 1938 ni òfin ti wà níbẹ̀ pé ọ̀bẹ tàbí abẹ tí wọn kò bá ṣe ní agbègbè náà kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bàbá mi kò bìkítà fún òfin yẹn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé abẹ àwọn ti wà láyé kí wọ́n tó bí mi, ó sì tún ń gbọ́ràn jù mí lọ.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n, ẹsẹ̀ wọn padà bọ̀ sípò, ohùn wọn náà padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún wọn kò dúró jẹ́ẹ́ mọ́. Irùngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ẹ lè rò pé nǹkan kékeré ni. Fún ọkùnrin tí kò jẹ́ kí irùngbọ̀n lo ọ̀sẹ̀ méjì lójú rẹ̀ rí, kì í ṣe nǹkan kékeré. Wọn kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, wọn kò sì fẹ́ kí àlejò wọlé. Àbúrò mi ra ẹ̀rọ oníná fún wọn. Wọ́n ní ó ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò. A mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wálé tí ó fi réésà fá wọn, irorẹ́ sú bo gbogbo ọrùn wọn. Ní ọjọ́ kan wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ ni o ó máa fá a."

Mo ní, "Bàbá, n kò mọ̀ ọ́n fá."

"Lọ kọ́ ọ."

Mo padà sí Àkúrẹ́ tí mo fi ṣe ibùjókòó. Nítòsí Ọjà Ọba, bàbá onígbàjámọ̀ kan wà tí wọ́n ṣì ń lo abẹ. Lọ́wọ́ àwọn Haúsá ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, àwọn tí à ń pè ní wanzami, tí abẹ ń jẹ́ aska lẹ́nu wọn. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn baba ńlá wa kò ní tiwọn. Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ abẹ, Ògún ló ni ín. Abẹ ni olóòlà fi ń kọlà, òun ni wọ́n fi ń fá orí ọmọ olókùú, òun náà ni wọ́n sì fi ń fá apá kan orí àwọn ìlàrí Aláàfin Ọ̀yọ́. (Ẹni tó bá ti wo ọdún Ògún ní Oǹdó rí yóò mọ̀ pé a kì í fi irin ṣeré níbẹ̀.)

Fún oṣù kan gbáko, bàbá náà kò jẹ́ kí n fi abẹ kan irun. Awọ ni mo ń nù ún sí. Wọ́n so awọ gígùn kan mọ́ ògiri, wọ́n ní kí n tẹ́ abẹ lé e pẹrẹsẹ kí n máa fà á, kí ẹ̀yìn abẹ ṣáájú kí ojú rẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí mo bá dé ìpẹ̀kun awọ, kí n yí i padà lórí ẹ̀yìn, kí n má ṣe yí i lórí ojú. Ní ọjọ́ kejì, mo yí i lórí ojú. Awọ gé bí ewé, mo sì san owó rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fẹ́ bàlúùnù, wọ́n fi ìhó ọṣẹ kùn ún, wọ́n ní kí n fá ìhó náà kúrò kí bàlúùnù má bẹ́. Mẹ́tàdínlógún ló bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tí ń kiri ọjà a máa sọ ẹrù kalẹ̀ láti wo Dókítà tí ń fá irùngbọ̀n bàlúùnù.

Nígbà tí èyí kò bẹ́ mọ́, mo dán an wò lójú ara mi nílé, ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ní kíláàsì aago mẹ́jọ. Ẹ̀jẹ̀ dà sí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá náà rí egbò náà.

"Dókítà, kí ló fà á?"

"Ìkánjú ni, sà."

"Rárá o. Fífà ló fà á. Ẹ kò fá a, ẹ fà á."

Ọ̀rọ̀ náà dá mi dúró. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti ń kọ́ni pé ohùn nìkan ló ya fá sọ́tọ̀ kúrò lára fà, n kò sì ronú kan ìyàtọ̀ náà rí ju àpẹẹrẹ orí pátákó lọ. Ohun tó wà lójú nǹkan ni à ń fá: irun lórí awọ, èéfín lára ìkòkò, èépá lára igi. Bí a bá fa nǹkan, ohun tó so mọ́ ọn á bá a wá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń béèrè ohun tó fa ọ̀ràn. Abẹ tí kò mú ń fa irun. Ọwọ́ tó ń tẹ abẹ mọ́ awọ náà ń fà á. Irun tiwa tó lọ́ sì nìyí, bí a bá gé e jinlẹ̀ jù, tàbí tí a fá a lòdì sí bí ó ṣe hù, ṣóńṣó orí rẹ̀ á yí padà wọ inú awọ, níbi tí irorẹ́ ti ń wá. Nítorí náà, kí abẹ dúró ní nǹkan bí dígírì 30 sí awọ, kí ìwọ̀n ara rẹ̀ nìkan máa ṣiṣẹ́, kí ó má sì rìn sí ẹ̀gbẹ́ láéláé. Mo ti kọ òwe ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú sí pátákó ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ. Kò yé mi pé ọrùn ọwọ́ ni ẹ̀sọ̀ ń gbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá mi pe dídúró lásán ní sùúrù. Abẹ ti wà nínú àpótí bàbá mi fún oṣù mẹ́fà, ó ń dúró, kò sì fá nǹkan kan.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni mo kọ́kọ́ fá wọn. Mo fi aṣọ inú omi gbígbóná bò wọ́n lójú, mo po ọṣẹ, mo nu abẹ sí awọ. Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Ilà Oǹdó wà lójú wọn, ilà gbọọrọ kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èmi kò kọlà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ka irú rẹ̀ léèwọ̀ láti ọdún 2003, ṣùgbọ́n bàbá mi ti fúnra wọn pinnu kí òfin tó dé pé orí àwọn ni yóò parí sí. Irun kì í hù nínú ilà; etí rẹ̀ ló ti le jù, ó sì dojú kọ ọ̀nà méjì. Abẹ tó bá gba ibẹ̀ kọjá láìwojú, ilà tuntun ni yóò kọ.

Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n jókòó, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n dúró tì í. Wọn kò la ojú.

Wọ́n ní, "Olóòlà ti kọ mí lẹ́ẹ̀kan. Má kọ mí lẹ́ẹ̀kejì."

Mo rẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi sì rọ̀. Mo fá apá kan ilà náà dé etí rẹ̀, mo gbé abẹ kúrò, mo bẹ̀rẹ̀ apá kejì lọ́tọ̀. Ó gbà mí tó wákàtí kan. Ẹ̀jẹ̀ yọ díẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ, mo fi álọ́ọ̀mù sí i. Wọn kò béèrè ohun tó fà á. Wọ́n gba dígí, wọ́n fi ọwọ́ òsì pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì dá dígí padà fún mi.

"Ó ṣẹ́kù díẹ̀ lábẹ́ etí."

Mo tún mú awọ.