Bọ́ọ̀lù Tí Ó Yẹ Ní Gbígbá

Ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ ń gbé ilé lè máà tíì fojú rí eré tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n àwa tí a ń tọ́ ọmọ ní Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí òun ni ó ń gba ọjọ́ Sátidé mọ́ wa lọ́wọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bésíbọ́ọ̀lù ni àwọn ọmọkùnrin sábà máa ń gbá, sọ́fítíbọ́ọ̀lù ni ti àwọn ọmọbìnrin. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á di igi mú láti gbá a. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà mọ nìyẹn, èmi kì bá tí kọ̀wé. (Pé àṣekágbá máa ń bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi, ìyẹn tó àpilẹ̀kọ mìíràn fúnra rẹ̀.)

Ọmọ ọdún 12 ni àbíkẹ́yìn wa. Láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún 8 ni ó ti ń gbá sọ́fítíbọ́ọ̀lù. Nígbà tí ó bọ́ sí ẹgbẹ́ tuntun kan, kóòṣì ibẹ̀ pàṣẹ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, kí igi máa ti òkè wá sí ìsàlẹ̀ bí ẹni ń la igi ìdáná, kí wọ́n sì sá eré. Kóòṣì kejì, ẹni tí a ń sanwó fún ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ní kí igi máa lọ sókè. Ọmọ náà wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí ó bá gbá a báyìí, eléyìí á pariwo. Bí ó bá gbá a lọ́nà kejì, tọ̀hún á máa mi orí. Kò pẹ́ tí kò fi lè gbá bọ́ọ̀lù kan kọjá àwọn tí ń ṣọ́ ilẹ̀ mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó wá bá mi ní ilé ìdáná, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Dádì pé mi ò ṣe mọ́."

Bàbá rẹ̀ ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé ìwé ni kí ó dojú kọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì bá bà á nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n èmi mọ ọmọ mi. Eré kò sú u. Ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà méjì ni ó ń fà á ya.

Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì ń ṣe. Ohunkóhun tí ara bá ń ṣe, mo máa ń fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mo ń wò, mo sì ń bi àwọn tí ó mọ̀ ọ́n léèrè.

Ohun kìíní tí mo kọ́ ni pé bọ́ọ̀lù tí a jù kì í wá ní títẹ́ pẹrẹsẹ. Ní bésíbọ́ọ̀lù, orí òkìtì tí ó ga tó ìńṣì 10 ni ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù dúró sí, òkè ni ó ti ń jù ú, ibi tí ó sì dúró jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ìńṣì 6 sí ẹni tí ó di igi mú. Bí bọ́ọ̀lù náà ti ń bọ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Èyí tí ó yára jù pàápàá máa ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ní bíi dígírì 5 nígbà tí ó bá dé, èyí tí ń yí wálẹ̀ á sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ na ìka ọwọ́ òsì yín bí ẹni pé ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín. Kí ẹ wá fi ìka ọwọ́ ọ̀tún pàdé rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ti kan ara wọn. Ẹ tún un ṣe, kí ìka ọ̀tún máa gòkè díẹ̀ ní ọ̀nà kan náà tí tòsì ń gbà bọ̀. Ẹ ó rí i pé wọ́n jọ wà lójú ọ̀nà kan fún ìgbà díẹ̀. Bí ọmọ bá tètè gbá a tàbí tí ó pẹ́ díẹ̀, igi rẹ̀ ṣì lè bá bọ́ọ̀lù.

Kí ló wá dé tí àgbà méjì fi ń jiyàn? Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n, nítorí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń fún wa ní àdá ni mo lọ. Ẹni tí ó bá ti ṣán koríko rí mọ̀ pé àdá ní láti kọ́kọ́ ti èjìká sọ̀ kalẹ̀, á tẹ́ nígbà tí ó bá dé ìdí koríko, lẹ́yìn náà á gbéra sókè kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni igi yìí. Ẹni tí ó ń wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á ní ìsàlẹ̀ ni ó ń lọ, ẹni tí ó ń wo ìparí á ní òkè ni. Ibi tí ó kan bọ́ọ̀lù ni kí a wò, níbẹ̀ ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ted Williams, tí ó gbá fún Boston Red Sox, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, The Science of Hitting, ní nǹkan bí ọdún 50 sẹ́yìn. Ní ọdún 1941, bọ́ọ̀lù 185 ni ó gbá yọrí nínú ìgbà 456, èyí tí wọ́n ń pè ní .406. Nígbà tí ó ku ọjọ́ kan kí ọdún eré náà parí, iye rẹ̀ jẹ́ .3995, wọn ì bá sì kà á sí .400 bí ó bá jókòó. Kò jókòó. Eré méjì ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà, ó gbá 6 nínú 8. Láti ìgbà náà títí di òní, kò sí ẹnì kan nínú American League tàbí National League tí ó tún dé .400 ní odindi ọdún eré kan.

Lónìí ẹ̀rọ ti wà tí ń wọn gbogbo rẹ̀. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti gbé Statcast sí gbogbo pápá líìgì àgbà, ó ń sọ bí bọ́ọ̀lù ti yára tó àti dígírì tí ó fi gbéra. Bí dígírì náà kò bá tó 10, ilẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń yí lọ. Láti 10 sí 25, ó ń lọ tààrà bí òkò. Bí ó bá ju 50 lọ, òkè lásán ni, ẹnì kan á dúró sábẹ́ rẹ̀ gbé e. Ní ọdún 2025 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé dígírì tí igi fúnra rẹ̀ fi ń gòkè jáde, wọ́n sì ka 5 sí 20 sí èyí tí ó dára. J. D. Martinez wà lára àwọn tí ó jàǹfààní ẹ̀kọ́ yìí. Ó tún ìgbá rẹ̀ kọ́, síbẹ̀ Houston Astros jọ̀wọ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2014. Detroit Tigers mú un, ó gbá bọ́ọ̀lù 23 fo odi lọ́dún náà. Ní ọdún 2017, ó gbá 45.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí èyí sọ fún ọmọ kékeré pé kí ó máa gbá a sójú ọ̀run. Dígírì igi yàtọ̀ sí dígírì bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin alágbára ni bọ́ọ̀lù 30 dígírì ń bá fo odi. Tí ọmọ ọdún 12, ọwọ́ ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ni ó máa ń bọ́ sí. Ó dùn mí bí mo ti ń rí àwọn òbí tí ń ra ẹ̀rọ olówó ńlá láti máa wọn ọmọ tí kò tíì mọ bọ́ọ̀lù tí ó yẹ kí ó gbá.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Fèrèsé kan wà tí a kò lè fojú rí, tí bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ìbú rẹ̀ jẹ́ ti rọ́bà funfun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ìńṣì 17. Gíga rẹ̀ ní bésíbọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ orúnkún títí dé agbedeméjì èjìká àti ìgbànú. Bí mẹ́ta bá gba fèrèsé kọjá tí ọmọ kò gbá a, ó ti kúrò nìyẹn. Bí mẹ́rin bá yà kúrò ní fèrèsé tí ó sì fi wọ́n sílẹ̀, á rìn lọ sí bésì kìíní lọ́fẹ̀ẹ́. Ted Williams ya bọ́ọ̀lù 77 kún fèrèsé tirẹ̀, ó sì kọ iye tí òun lè gbá ní ojú kọ̀ọ̀kan: .400 ní àárín, ṣùgbọ́n .230 péré ní igun ìsàlẹ̀ tí ó jìnnà sí i. Ẹnì kan náà, igi kan náà! Ohun tí ó mú ìyàtọ̀ wá ni bọ́ọ̀lù tí ó yàn.

Ìgbá àti yíyàn kò ṣeé yà sọ́tọ̀, nítorí bọ́ọ̀lù ìsàlẹ̀ ń fẹ́ kí igi tẹ̀ jù, bọ́ọ̀lù òkè ń fẹ́ kí ó tẹ́ jù. Ní sọ́fítíbọ́ọ̀lù ó tún le sí i. Kò sí òkìtì níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ni wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù, òmíràn á dà bí ẹni pé ó ń gòkè, òmíràn á já lulẹ̀ lójijì. Ní ọdún 2004, Jennie Finch ju sọ́fítíbọ́ọ̀lù sí Albert Pujols, ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ bésíbọ́ọ̀lù gbá jù láyé, kò sì rí i gbá. Ojú rẹ̀ kò mọ ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù yẹn ń gbà bọ̀.

Ẹnì kan bi mí nípa Vladimir Guerrero bàbá, tí ń gbá ohun gbogbo, títí kan èyí tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, tí wọ́n sì dìbò yàn sí ilé ọlá eré náà ní ọdún 2018. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Guerrero kò sí lára ọmọ mi. Juan Soto ni mo ń fi hàn án, ẹni tí ó rìn lọ sí bésì kìíní lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà 145 ní ọdún 2021.

Bàbá rẹ̀ lọ bá kóòṣì ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn ìdánrawò. Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn líle. Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 9, bọ́ọ̀lù ilẹ̀ máa ń bọ́ mọ́ àwọn tí ń ṣọ́ ọ lọ́wọ́, ìdí nìyẹn. Bàbá rẹ̀ dáhùn pé àwọn ti ọdún 12 kì í jẹ́ kí ó bọ́ mọ́. Wọ́n fi àdéhùn sí i: bí ọmọ bá ti jẹ méjì nínú mẹ́ta rẹ̀, á gbá a bí kóòṣì ti wí, kí ó tó di ìgbà náà, òun ni yóò yan bọ́ọ̀lù tirẹ̀.

Láti ìgbà náà, bàbá tí ó ní ìwé ni kí ó dojú kọ ni ó ń ju bọ́ọ̀lù fún un nínú gáréèjì. Kì í gbá gbogbo rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, á máa pè é jáde: "Ó yẹ, ó yẹ, ó yẹ," igi á sì lọ, tàbí "Ó yẹ, ó yẹ, kò yẹ," igi á dúró. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù sí i nínú eré kì í lò ju nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lójú ọ̀nà, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ti múra láti gbá a kí ó tó lè kọ̀ ọ́. Ní oṣù Kẹfà, ó rìn lọ sí bésì kìíní ju ẹnikẹ́ni lọ nínú ẹgbẹ́ wọn, ó sì gbá méjì kọjá orí àwọn tí ń ṣọ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo. Kò tún sọ ọ̀rọ̀ àtifi í sílẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ó bá bọ́ sí ìpele àwọn ọmọ ọdún 14, ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù á sún sẹ́yìn láti ẹsẹ̀ bàtà 40 sí 43, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn á le sí i, bọ́ọ̀lù tí ó dà bí ẹni ń gòkè á sì pọ̀. Òkè fèrèsé ni irú rẹ̀ sábà máa ń parí sí. Bàbá rẹ̀ ti ń kọ́ bí a ti ń fi apá yí po ju bọ́ọ̀lù láti ìbàdí, èjìká sì ti ń dùn ún. Mo ti bá a gbé yìnyín sínú fìríìjì.