Bí Wọ́n Ṣe Kọ́ Mi Láti Ka Ọmọ Ẹ̀yà Méjì

Obìnrin ọmọ Abẹ́òkúta kan ló kọ́ mi níṣẹ́ ní London. Ó ti pẹ́ nídìí ìwádìí kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kì í hàn lára ìwé, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ̀wé a máa dúró dè é. Iṣẹ́ náà rèé: bí fọ́ọ̀mù bá béèrè ẹ̀yà, àwọn kan á máàkì àpótí kan, ó parí. Àwọn mìíràn ò ní rí àpótí tó gbà wọ́n, wọ́n á wá fọwọ́ ara wọn kọ ohun tí wọ́n jẹ́ sórí ìlà tó wà nísàlẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ka ohun tí wọ́n kọ, kó fún un ní kóòdù, kí wọ́n tó lè kà á mọ́ ti àwọn yòókù. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ojú àti ẹ̀yìn ẹni tó bá ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kò jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Fọ́ọ̀mù ìkànìyàn òfìfo ló kó fún mi pé kí n máa kà. Ti 1991 ló wà lókè, ọdún tí ìkànìyàn Bìrìtéènì kọ́kọ́ béèrè ẹ̀yà. Ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yà kan náà, wọ́n ní kó mú èyí tó bá ka ara rẹ̀ sí, tàbí kó lọ sí àpótí "ẹ̀yà mìíràn" kó ṣàlàyé. Ní 2001, England àti Wales ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn alápapọ̀, àpótí mẹ́rin: òyìnbó pẹ̀lú adúláwọ̀ Kàríbíánì, òyìnbó pẹ̀lú adúláwọ̀ Áfíríkà, òyìnbó pẹ̀lú ará Éṣíà, àti alápapọ̀ mìíràn.

"Ta ni fọ́ọ̀mù yìí ò dárúkọ ẹ̀?" Ó bi mí tán, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìdáhùn tí mo bá mú lọ, á ní, "Lọ tún un wò." Nígbà tó yá ni mo rí i pé àpótí mẹ́ta tó lórúkọ, kò sí èyí tí òyìnbó ò sí nínú ẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Jàmáíkà, irú àwọn tó ń dàgbà ní Peckham àti Lewisham ní London, kò rí àpótí tirẹ̀ níbẹ̀. Áfíríkà ni á mú, tàbí Kàríbíánì, tàbí kó lọ bá àwọn "alápapọ̀ mìíràn". Mo sọ fún un. Ó ní, "Orí ìlà ni wàá ti máa pàdé wọn. Gbé àga ẹ wá."

Òpó mẹ́ta la máa ń là sójú kọ̀ǹpútà. Ohun tí ènìyàn kọ gan-an ló ń wà ní òpó kìíní, pẹ̀lú àṣìkọ rẹ̀ àti ìbéèrè tó bá fi sí i. A ti í pa, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Òpó kejì la ti ń tún sípẹ́lì ṣe. Kóòdù ló wà ní ìkẹta: nọ́ńbà tó ṣáájú ń sọ apá ayé, èyí tó tẹ̀lé e ń sọ orílẹ̀-èdè, èyí tó kẹ́yìn ń sọ ẹ̀yà. Ẹni tó bá kọ "Yorùbá, Igbo, màmá mi wá láti Trinidad" gba kóòdù mẹ́ta. Ọwọ́ mi wúwo nígbà yẹn. Mo ń lọ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, torí ọ̀gá mi kò gbà kí n fi orí sọ kóòdù láìṣí ìwé wò. Bí ènìyàn bá kọ "African" nìkan, tó sì sọ níbòmíràn pé Yorùbá lòun ń sọ nílé, African nìkan ni kóòdù rẹ̀. "Ohun tó sọ nìyẹn, Adúkẹ́. Má bá a sọ ìyókù."

Èmi àti ọmọkùnrin ará Birmingham kan la jọ ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá wa máa ń fún àwa méjèèjì ní ìwé kan náà, ká fi kóòdù sí i láìbá ara wa sọ̀rọ̀, kó tó fi ìwọ̀n kappa tí Jacob Cohen gbé jáde ní 1960 wò wá. Ìwọ̀n yìí ń yọ ìfohùnṣọ̀kan tó lè ti ọwọ́ èèṣì wá kúrò, kó tó sọ bí a ṣe fẹnu kò tó. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà kọ́ ló jẹ ẹ́ lógún. Ibi tí a ti yàtọ̀ ló ń mú wa jókòó lé. A jiyàn gan-an lórí àwọn tó kọ pé ìdajì àwọn jẹ́ Nàìjíríà, tí wọn ò wá sọ ìdajì kejì. Níkẹyìn a fún wọn ní kóòdù Nàìjíríà, a sì fi òmíràn tì í tó ń sọ pé ìyókù wà, wọn ò kọ ọ́ ni. Ó ní ká kọ ọ́ sínú ìwé ìpinnu, ká fi déètì sí i. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, torí òfin tí àwa fúnra wa là nìyẹn.

Kíkà ló kù. Ó kọ ènìyàn mẹ́wàá sórí ìwé: márùn-ún kọ Nàìjíríà, mẹ́ta kọ Jàmáíkà, méjì kọ méjèèjì. Bí a bá ya àwọn méjì náà sọ́tọ̀, 5, 3 àti 2 ni. Bí a bá ka ènìyàn síbi gbogbo tó dárúkọ, Nàìjíríà di 7, Jàmáíkà di 5, àròpọ̀ rẹ̀ sì di ìdá 120 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá fi ẹ̀yà kan ṣáájú, a lè rí 7 àti 3, tàbí 5 àti 5, ọwọ́ ẹni tó ń tò ó ló wà. Ètò ìṣáájú yìí ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ní New Zealand: ẹni tó bá ní òun jẹ́ Māori àti òyìnbó, Māori ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ìlànà tí Stats NZ, ọ́fíìsì ìṣirò ìjọba wọn, gbé jáde ní 2005 pa á tì. Ẹnu yà mí pé ènìyàn mẹ́wàá kan náà lè di ìlú mẹ́rin.

Ó wá gbé ti Amẹ́ríkà sílẹ̀. Ní 2000 ni ìkànìyàn wọn kọ́kọ́ gbà kí ènìyàn máàkì ju àpótí kan lọ, àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 6.8. Ní 2010 wọ́n di mílíọ̀nù 9. Ní 2020, mílíọ̀nù 33.8. "Kí ló bí wọn báyìí?" Mo ní ìgbéyàwó. Mo ní àwọn èwe ò bẹ̀rù àtisọ ẹni tí wọ́n jẹ́ mọ́. Ó ní òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí n wo ọwọ́ àwọn tó ń fi kóòdù sí i. Ní 2010, lẹ́tà 30 péré ni wọ́n ń kà nínú ohun tí ènìyàn kọ, kóòdù méjì ni wọ́n sì ń fún un. Ní 2020, lẹ́tà 200 àti kóòdù mẹ́fà. Wọ́n tún ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ ṣe. Ọ́fíìsì ìkànìyàn wọn gan-an sọ pé àtúnṣe wọ̀nyí wà lára ohun tó fa iye náà sókè. Láti ìgbà yẹn, mi ò lè ka ìròyìn pé ẹ̀yà kan ń pọ̀ sí i kí n má béèrè ẹni tó ka ìlà náà.

Ní England àti Wales, àwọn alápapọ̀ jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 1.2 ní 2011, wọ́n sì di mílíọ̀nù 1.7 ní 2021. Ọ̀gá mi ò gbà kí tábìlì tó ní irú iye bẹ́ẹ̀ kúrò ní ọ́fíìsì láìsí àlàyé lábẹ́ rẹ̀ nípa bí a ṣe kà á. Bí olùwádìí kan bá fẹ́ da àwọn tí wọn ò pọ̀ sínú "àwọn yòókù", á ní kó kọ iye tí wọ́n jẹ́ síbẹ̀ ná.

Fọ́ọ̀mù 2021 wá fi ìlà sábẹ́ àpótí African, kí ènìyàn lè kọ ibi tó ti wá gan-an. Fọ́ọ̀mù ìwádìí tiwa náà ti ní irú ìlà bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn kan ń kọ Yorùbá àti Jàmáíkà sí pa pọ̀. Kóòdù méjèèjì la ń fún wọn. Èmi àti ọ̀gá mi ṣì ń jiyàn lórí bóyá kí wọ́n jókòó sábẹ́ Áfíríkà tí wọ́n máàkì, tàbí ká kó wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn alápapọ̀. Òun ní kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n máàkì. Títí di ìsinsìnyí, tirẹ̀ ló ń borí.