Koríko Oníke Iwájú Ilé Wa

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwa kò da omi síwájú ní ọdún 2021, nígbà tí a tẹ́ koríko oníke sí iwájú ilé wa ní Ìbàdàn.

Gígé koríko ló sú wa. Àwọn òṣìṣẹ́ hú u kúrò, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ koríko oníke mọ́ ọn. Àwọn àlejò ń yìn wá, inú wa sì ń dùn.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ọmọ ọmọ wa sáré jáde lọ́sàn-án láìwọ bàtà. Igbe rẹ̀ ló gbé wa dìde. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n. Koríko gidi ní omi nínú tó fi ń tu ara rẹ̀ lára, ṣùgbọ́n ṣe ni ike ń gba oòrùn sára. Nígbà tí òjò dé, omi tí ilẹ̀ wa máa ń mu tẹ́lẹ̀ ya lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà tó múlé tì wá, ó sì wó apá kan ògiri wọn. Wọn kò bá wa jà. Wọ́n kàn ní, "Pásítọ̀, ẹ ti dí ilẹ̀ lẹ́nu. Níbo ni kí omi gbà?" Ọ̀rọ̀ náà gún wa lọ́kàn.

Ìgbà náà ni a tó ṣèwádìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ́ irú rẹ̀ sí pápá Astrodome ní Houston, Amẹ́ríkà, ní 1966, ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. Ṣùgbọ́n bó ti ń gbó ló ń já wẹ́wẹ́, tí òjò ń gbá a lọ sínú gọ́tà àti odò. Oyin kò rí òdòdó lórí rẹ̀, kì í sì í jẹrà. Ní 2023, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ṣòfin pé títa hóró rọ́bà tí wọ́n ń dà sáàárín rẹ̀ ní pápá ìṣeré yóò dópin ní 2031.

A tọrọ àforíjì, a tún ògiri ìyá mọ, a sì fọ́ sìmẹ́ńtì náà. Lónìí, koríko gidi wà láàárín; ewúro, ẹfinrin àti koóko ọba wà létí ọgbà. Òkúta la tò sí ọ̀nà, a fi àlàfo sílẹ̀ kí omi lè wọlẹ̀. Ìyá ń wá já ewúro lọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra koríko oníke, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e nínú oòrùn ọ̀sán kí ẹ tó sanwó.